Peugeot 504: ẹ́ńjìnnì wà láàyè, ara ọkọ̀ ló ń kú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ti ìbò, kì í sì ṣe ti owó orí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni, Peugeot 504, pàápàá èyí tí a ń pè ní bâchée, tó ṣì ń kó ẹ̀gẹ́, gaàrí, tòmátì, èédú àti èèyàn láti abúlé wá sí ọjà. Nínú àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún, ẹni tí kò tíì jókòó nínú rẹ̀ rí kò pọ̀.

Bí ẹ bá bi awakọ̀ 504 kan pé kí ló dé tí ọkọ̀ rẹ̀ kò jáde mọ́, kì í sábà sọ pé ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́. Yóò ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti jẹrà, ìlẹ̀kùn kò pa dé mọ́, tọ́líè sì ní òun kò rí páànù tí òun yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tú, ó ṣeé tún ṣe, ó sì ṣeé yọ láti ara ọkọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ, páànù ló ń fẹ́, kì í ṣe epo.

Níbo wá ni a ó ti rí páànù tó dára? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ti tán ní ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù wà ní àgbàlá àwa fúnra wa, àwa náà la sì ń tà á ní kílò fún àwọn tí ń ra irin yíyọ́. Lẹ́yìn náà ni a óò máa wá a kiri Kútọnù àti Èkó. Ẹ jẹ́ kí n là á lẹ́sẹẹsẹ.

Bí 504 ṣe di ọkọ̀ tiwa

Ní ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1969, àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù fún un ní oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ ní ọdún náà. Kì í ṣe oyè yẹn ló jẹ́ kí ó gbajúmọ̀ ní Áfíríkà. Ohun tó jẹ́ kí a gbà á ni pé ó ga nílẹ̀, ressort rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀ lórí kòtò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ní àdììtú kankan. Mẹkanisíẹ̀n tó wà lábẹ́ igi máńgòrò lè tú u palẹ̀ láàárọ̀ kó sì tò ó padà. Ọkọ̀ 504 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà ní 1975 àti ní 1978, níbi tí ẹrẹ̀ àti òkúta ti ń fọ́ ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ó lé ní mílíọ̀nù 3 tí wọ́n ṣe. Kì í ṣe ní Faransé nìkan ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀: wọ́n tò ó ní Ajẹntínà, ní Kẹ́ńyà, àti ní Nàìjíríà. Ti Nàìjíríà ló kàn wá jù. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ṣí ilẹ̀kùn ní Kaduna. Láti ìgbà náà, ẹni tó wà ní Kétu tó ń wá capot tàbí ìlẹ̀kùn kò nílò kí ó kọ lẹ́tà sí Paris. Kó rán ọmọ lọ sí Èkó ló kù.

Gbogbo èyí ti parí. Ní Faransé, wọ́n dá oníjókòó lásán, èyí tí a ń pè ní berline, dúró ní 1983. Bâchée pẹ́ díẹ̀ sí i, ó dé 1993. Ajẹntínà ṣe tirẹ̀ títí di 1999. Kaduna ló fà á gùn jù, ó wọ inú àwọn ọdún 2000 kí ó tó dáwọ́ dúró. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá dáwọ́ ọkọ̀ kan dúró, àwọn ohun èlò kéékèèké bíi filtre àti plaquette máa ń wà lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe wọ́n. Páànù kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ńlá tí wọ́n fi ń tẹ páànù wúwo, ó sì gbówó lórí. Kò sí ẹni tí yóò fi pamọ́ láìsí èrè.

Ọdún 1994, ọdún tí ọ̀nà méjì dí

Ọdún kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé nínú ìtàn yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, ní Dakar, wọ́n kéde pé owó CFA ti já wálẹ̀. Franc Faransé kan tó jẹ́ 50 CFA tẹ́lẹ̀ di 100 CFA. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ohun gbogbo tó ń ti Faransé bọ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń tọ́jú owó láti ra páànù tuntun rí i pé owó òun ti di ìdajì. Láti ìgbà náà ni páànù àlòkù àti iṣẹ́ ọwọ́ tọ́líè ti gba ipò páànù tuntun pátápátá.

Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Faransé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò fi ọkàn sí. Ìjọba Édouard Balladur ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá gbé e wá kí wọ́n fọ́ ọ, tí olúwarẹ̀ bá sì ra tuntun, wọn yóò fún un ní 5 000 franc. Ìjọba Alain Juppé ṣe irú rẹ̀ ní 1995 sí 1996. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: berline 504 tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní 1983 ti pé ọdún mọ́kànlá. Ìyẹn ni pé gbogbo berline 504 tó ṣẹ́kù ní ilẹ̀ Faransé ló yẹ fún owó ìfọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó lè ka iye tó wọ inú ẹ̀rọ ìfọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ì bá wá sí Kútọnù tàbí Lomé gẹ́gẹ́ bí àlòkù, tí ì bá fún wa ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin àti aile méjì, wọ́n ti fọ́ ọ sọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí a ṣe pàdánù tuntun, bẹ́ẹ̀ ni àlòkù náà ń gbẹ, nínú ọdún kan ṣoṣo.

Ẹnu ibodè àti ọjà àlòkù

Àwa ará ibodè mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, Nàìjíríà fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀. Èbúté wọn nìkan ni ó gbọ́dọ̀ gbà. Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ti ibodè pa fún ọjà, kò sì ṣí títí di oṣù kejìlá 2020. Àwọn párákì ọkọ̀ wa ní Kútọnù àti ní ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, tó jẹ́ pé oníbàárà Nàìjíríà ló ń gbé wọn ró, rí ìyà jẹ.

Kí ni èyí kàn páànù 504? Ó kàn án ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, ọ̀nà tí páànù Kaduna ń gbà wá láti Ládípọ̀, ọjà ohun èlò ọkọ̀ ńlá tó wà ní Mushin ní Èkó, di ọ̀nà hílàhílo. Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi sábẹ́ àpò gaàrí. Èkejì, ọkọ̀ tó ń wọlé sí èbúté ti yí padà. Ìròyìn tí àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2020 sọ pé láàrin 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ló jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Nínú ìyẹn, Peugeot àtijọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Toyota ló kún ilẹ̀. Ní 2020 pẹ̀lú, àwọn mínísítà CEDEAO fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ tó bá ń wọlé láti 2021 gbọ́dọ̀ bá ìlànà èéfín tí wọ́n ń pè ní Euro 4 mu. Ìlànà náà dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ wa, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé odidi 504 kankan kò ní tún wọlé sí èbúté kí a lè tú u fún páànù. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ wa ni èyí tó wà.

Ibi tí páànù wà gan-an

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo rí.

Èkíní ni àgbàlá wa. Nínú abúlé púpọ̀ ní Plateau àti ní Collines, 504 kan wà tó ti dúró lẹ́yìn ilé láti ìgbà tí bàbá tó ni ín ti kú. Adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan yóò gun mótò dé, yóò ní òun ń ra ferraille. Wọn yóò gé ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò sanwó kílò. Irin náà yóò lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin, yóò di ọ̀pá kọ́ńkéré. Ẹni tó ra kílò kò bìkítà pé ìlẹ̀kùn ọ̀tún ṣì dára ju ti ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà lọ. Nínú ọkọ̀ tó ti kú, ìpẹtà kì í jẹ gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ kọ́kọ́. Capot, ẹnu ìlẹ̀kùn òkè, òrùlé àti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lè wà bí ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n.

Èkejì ni ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnù mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkun níyọ̀ nínú. Iyọ̀ àti ọ̀rinrin ni oúnjẹ ìpẹtà. Ọkọ̀ tó gbé ọdún ogún ní etí òkun àti èyí tó gbé ọdún ogún ní Parakou tàbí ní Malanville kò lè dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá bas de caisse tàbí páànù ìsàlẹ̀, kó kọjú sí àríwá kó tó kọjú sí Kútọnù. Àwọn òyìnbó tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ náà mọ àṣírí yìí; ọkọ̀ tó ti ilẹ̀ gbígbẹ wá ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ̀kẹta ni Nàìjíríà, nítorí Kaduna ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo páànù tí wọ́n ń pè ní tuntun ló ti ilé iṣẹ́ jáde. Àwọn kan jẹ́ èyí tí wọ́n lù lọ́wọ́ láti inú irin tín-ín-rín. Ẹ gbé e sókè kí ẹ fi wé ti àtijọ́. Bí ó bá fúyẹ́ jù, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni Faransé. Níbẹ̀, 504 ti kúrò ní ọkọ̀ tálákà, ó ti di ohun ìṣúra. Peugeot dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1982 tí wọ́n ń pè ní L'Aventure Peugeot, wọ́n sì ṣí ilé ohun àtijọ́ ní Sochaux ní 1988. Ẹgbẹ́ náà àti àwọn oníṣòwò kan ń ta ohun èlò fún ọkọ̀ àtijọ́. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Faransé, ó lè bá yín wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àyè tí páànù gbà ni yóò jẹ owó yín, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Capot kan gba ibi tí àpò mẹ́wàá ì bá wà, ó sì máa ń tẹ̀ bí wọn kò bá dì í dáadáa. Ẹ béèrè iye tí duwáàní yóò gbà kí ẹ tó sanwó. Fún ẹni tó fi bâchée jẹun, ọ̀nà yìí kì í sábà pé e. Fún ẹni tó fẹ́ pa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́ fún ìrántí, ó lè pé e.

Bí a ṣe ń mọ páànù tó dára

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni páànù tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà rí. Ẹ má fi ojú nìkan rà á.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ yín. Berline, break àti bâchée kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ojú wọn tilẹ̀ jọra. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, berline jẹ́ 2,74 m, break sì jẹ́ 2,90 m. Ẹni tó bá ra páànù ìsàlẹ̀ berline fún break ti ra ohun tí kò ní dé ibi tó yẹ. Ẹ mú páànù àtijọ́ dání, tàbí kí ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ yín sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú òòfà kékeré kan, irú èyí tó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ fi wé gbogbo ara páànù náà. Níbi tí irin gidi wà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n ti fi mastic dí ihò, yóò já bọ́ tàbí kó lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ kò bá ní òòfà, ẹ fi ìka kàn án: irin ń dún, mastic ń dákẹ́.

Ẹ dojú ìlẹ̀kùn kọlẹ̀ kí ẹ wo etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ páànù òde lé ti inú. Ibẹ̀ ni omi tó gba ojú fèrèsé wọlé ń sùn sí. Àwọn ihò kékeré wà níbẹ̀ tí omi yẹ kó gbà jáde. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti dí wọn, ìpẹtà ti ń jẹun nínú, bí òde tilẹ̀ ń dán. Bí etí náà bá wú bí búrẹ́dì, ẹ má rà á. Ẹ wo ibi ìdè ìlẹ̀kùn pẹ̀lú. Irin ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ya.

Ẹ tún mọ ìyàtọ̀ láàrin páànù tí a fi nọ́ọ̀tì dè àti èyí tí a jó mọ́ ọkọ̀. Ìlẹ̀kùn, capot, ìdérí ẹ̀yìn àti aile iwájú, nọ́ọ̀tì ló dè wọ́n. Ènìyàn lè tú wọn ní ọjọ́ kan, bí wọn kò bá sì dára, ọkọ̀ kò ní wó nítorí wọn. Ṣùgbọ́n bas de caisse, ìyẹn páànù tí a máa ń tẹ̀ kọjá kí a tó wọlé, ilẹ̀ ọkọ̀, òpó ìlẹ̀kùn, àti longeron, irin gígùn abẹ́ ọkọ̀, jíjó ni wọ́n jó wọn. Berline 504 kò ní ṣáásì ọ̀tọ̀ tó gbé ara rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ṣáásì rẹ̀. Bí bas de caisse bá jẹrà, egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ti jẹrà yẹn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá rí i pé ìlẹ̀kùn ń pa dé nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, tí kò sì pa dé mọ́ nígbà tí èrò bá kún inú rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń tẹ̀ láàárín. Mastic tó nípọn tó ìka lè tan ẹni tó ń wò ó jẹ lójú àwo, kódà níwájú àwọn tó ń ṣe visite technique bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ wò. Kò lè tan igi tí ọkọ̀ bá forí sọ jẹ.

Iṣẹ́ tọ́líè, ọgbọ́n tó ń lọ

Níbi tí kò bá sí páànù, tọ́líè ló ń ṣe é. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì bọ̀wọ̀ fún un tó. Ẹni tó lè mú irin pẹlẹbẹ, kó fi òòlù àti àpò iyẹ̀pẹ̀ lù ú títí yóò fi rí bí aile 504, oníṣẹ́ ọnà ni. Àwọn tí ń ṣe é dáadáa ti ń darúgbó. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé Toyota la ń tún ṣe báyìí, páànù rẹ̀ kún ọjà, kí la fẹ́ fi òòlù ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí fún tọ́líè, ẹ béèrè irú irin tí yóò lò. Irin ara ọkọ̀ máa ń sún mọ́ mílímítà kan. Páànù òrùlé ilé kò nípọn tó bẹ́ẹ̀ rárá, kò lè gbé ohunkóhun, zinc tó wà lára rẹ̀ sì máa ń tú èéfín tó ń fa ibà àti ikọ́ fún ẹni tó ń jó o. Irin dúrọ́ọ̀mù tó mọ́ sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fọ inú rẹ̀ dáadáa kí iná tó kàn án, nítorí ìyókù epo inú rẹ̀ lè bú gbàmù.

Ẹ sọ fún un kí ó gé ìpẹtà kúrò títí yóò fi dé orí irin tó ń dán. Àlẹ̀mọ́ lórí ìpẹtà kì í pẹ́ kó tó ṣí. Kí ó yọ bátìrì àti tánkì epo kúrò kí ó tó jó ohunkóhun. Bí ó bá fẹ́ gé bas de caisse, kí ó fi irin de òpó méjì ìlẹ̀kùn mọ́ra ná, kí ọkọ̀ má baà wó láàárín. Kí ó sì máa dán ìlẹ̀kùn wò bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Níparí, kí ó fi gírísì tàbí epo mímọ́ sí inú páànù, níbi tí ojú kò dé, kí ihò omi sì ṣí sílẹ̀. Ohun márùn-ún yìí kò ná owó púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ bóyá páànù yóò lo ọdún mẹ́wàá tàbí òjò méjì.

Ní ilẹ̀ Benin, ìwé ẹ̀rí wà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, CQM. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, mo mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, tí a kò sì fi kọ́ ọmọ, ìran kan péré ni í gbé. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá tọ́líè wa ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ pe àwọn olùkọ́ tó wà ládùúgbò wọn, kí wọ́n jọ ya àwòrán páànù 504, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì gé páálí ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ tó dára ṣì wà tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ tó bá mọ bí a ṣe ń lu aile 504 lè lu páànù ọkọ̀ èyíkéyìí.

Ṣé kí a kúkú jẹ́ kí ó kú?

Àwọn kan ń sọ pé kí a jáwọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún ń rú èéfín, ó ń jẹ epo, ó ń pa èèyàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò yẹ kí a fi ìfẹ́ àtijọ́ bò ó mọ́lẹ̀. 504 tí longeron rẹ̀ ti já, tí ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà dé abẹ́ àga, kò yẹ kó tún gbé èrò mọ́ láéláé. Kò sí páànù tó lè wo irú rẹ̀ sàn ní owó tí ẹ̀dá lè san.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí awakọ̀ abúlé gbé 504 sọnù, kó sọ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun wà, owó rẹ̀ ni kò sí. Toyota kékeré kò lè gba ojú ọ̀nà oko lójò. Bí bâchée kan bá kú ní abúlé, ẹ̀gẹ́ yóò jẹrà nínú oko, aláboyún yóò gun orí mótò lọ sí ilé ìwòsàn. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí gbogbo 504 wà láàyè, kì í sì ṣe pé kí gbogbo wọn kú. Kí èyí tó ti kú fi ara rẹ̀ wo èyí tó wà láàyè sàn ni.

Ohun tí a lè ṣe kò ju agbára wa lọ. Kí ẹgbẹ́ awakọ̀ ní kọmúùnù kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, kí wọ́n kọ gbogbo 504 tó ti dúró ní agbègbè wọn sínú rẹ̀: ti ta ni, irú wo ni, apá wo ló ṣì dára. Kí àwọn ẹbí tó ni ọkọ̀ òkú jẹ́ kí tọ́líè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó pe oníkílò. Kí wọ́n tú ìlẹ̀kùn, aile àti capot, kí wọ́n gbé wọn kọ́ sí abẹ́ òrùlé gbígbẹ, kí wọ́n má tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyókù, kí oníkílò máa kó o lọ. Ìlẹ̀kùn kan tí a tà fún awakọ̀ tó nílò rẹ̀ lè pa owó ju ohun tí oníkílò yóò san fún irin rẹ̀ lọ, owó náà yóò sì wà láàrin wa.

Kaduna kò ní tún ṣe 504 mọ́, Sochaux náà kò ní ṣe é. Iye tó kù ni iye tó kù. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé yín lónìí, kí ọmọ onímótò tó ń ra ferraille tó dé ibẹ̀ ṣáájú yín.